Ìwé Èsúsú Tí Kò Sí Lọ́wọ́ Ẹnì Kan: Àlàyé Blockchain fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀, torí kò sí ará Abẹ́òkúta tí kò tíì gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ rí. Ẹnì kan ra pulọ́ọ̀tì kan, ó sanwó, wọ́n kọ rìsíìtì fún un. Nígbà tó máa fi padà débẹ̀ pẹ̀lú bíríkìlà, ìpìlẹ̀ ilé ẹlòmíràn ti yọ lókè. Onítọ̀hún náà ní rìsíìtì. Orúkọ ìdílé kan náà ló wà lórí méjèèjì. Ilẹ̀ kò di méjì, ìwé ló di méjì. Ìyọnu tí blockchain wá yanjú gan-an nìyẹn: kí ohun kan ṣoṣo má ṣe é tà fún èèyàn méjì.

Owó bébà kò mọ irú ìyọnu yìí. Bí mo bá kó ₦1,000 lé yín lọ́wọ́, ó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ṣì wà lórí fóònù tiyín, ó sì ti wà lórí ti ẹlòmíràn. Bí owó bá rí bí àwòrán, ẹni tó ní ₦1,000 lè ná an fún ogún èèyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí rèé tí owó inú fóònù fi nílò akọ̀wé, ẹni tó máa yọ ọ́ kúrò lórúkọ ẹnì kan, tó máa kọ ọ́ sórúkọ ẹnì kejì. Báńkì ni akọ̀wé wa. Nígbà tí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, kò sí bébà owó kankan tó wọ mọ́tò. Iye kan dín nínú ìwé, iye kan lé, ó parí.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé, ǹjẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè wà láìsí akọ̀wé kan ṣoṣo? Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2008, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé ìwé olójú ewé 9 jáde tó fi dáhùn. Títí di òní, kò sí ẹni tó tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún aráyé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2009, ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé Bitcoin di kíkọ, ó sì ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Bitcoin ni owó. Blockchain ni ìwé tí wọ́n ń kọ owó náà sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn fún yín, ibẹ̀ ni oníjìbìtì ti máa ń wọlé.

Ẹ wá fojú inú wo obìnrin 12 tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tí wọ́n ń dá èsúsú ₦5,000 lọ́sẹ̀. ₦60,000 ló ń wọlé, ẹnì kan á kó o, ọ̀sẹ̀ 12 ló fi ń yípo. Ìyá kan ló ń kọ ìwé. Bí òjò bá pa ìwé náà, ẹ̀rí ti tán. Bí ọwọ́ bá yí 5 kan padà di 3, ta ni yóò bá a jiyàn? Bí ìyá náà bá gbéra lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ l'Ékòó tó sì gbé ìwé lọ, ẹgbẹ́ ti dúró. Kò dìgbà tí èèyàn bá burú kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan, àìsàn ẹni náà, ìgbàgbé rẹ̀ àti ìdánwò tó bá bá a ló ń darí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe é lọ́nà mìíràn. Kí obìnrin méjìlá náà ní ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá dá owó, kó ké e síta kí gbogbo wọn gbọ́, kí kálukú kọ ọ́ sínú tirẹ̀. Ìwé kan jóná, mọ́kànlá ṣì wà. Ẹnì kan yí tirẹ̀ padà, mọ́kànlá tú u fó. Ìdajì blockchain nìyẹn, kò sì le jù báyìí lọ. Ìdajì kejì ni iṣẹ́ wà, torí kété tí ìwé bá ti di méjìlá ni ìbéèrè mẹ́ta máa yọjú. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìwé méjìlá bára mu láìjókòó ka gbogbo ojú ewé? Ta ló máa kọ ojú ewé tó kàn nígbà tí èèyàn méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Báwo la sì ṣe máa mọ̀ pé ẹni tó ké pé "ẹ yọ ₦5,000 nínú tèmi fún Ìyá Bọ́lá" ni olówó gan-an, pé kì í ṣe ẹni tó ń fara wé ohùn rẹ̀?

Ohun tó dáhùn ti àkọ́kọ́ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní hash. Níbí, òǹtẹ̀ la máa pè é. Ìṣirò kan ni. Ẹ kó ọ̀rọ̀ fún un, ì báà ṣe lẹ́tà kan tàbí odindi ìwé, àmì 64 ló máa kó jáde, kò ní lé, kò ní dín. Nọ́ńbà 0 sí 9 àti lẹ́tà a sí f ni àwọn àmì náà. Èyí tí Bitcoin ń lò ń jẹ́ SHA-256. Ẹ kó abc fún un, òǹtẹ̀ tó máa jáde á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ba7816bf. Ẹ fi d kan péré kún un kó di abcd, èyí tó máa jáde á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 88d4266f. Wọn ò jọra rárá. Kọ̀ǹpútà tó wà ní Abẹ́òkúta àti èyí tó wà ní Japan á rí èsì kan náà. Kò sì ṣe é gba ẹ̀yìn wọ̀: ẹni tó rí òǹtẹ̀ nìkan kò lè fi mọ ọ̀rọ̀ tó bí i, àfi kó máa dán ọ̀rọ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún èsúsú wa, obìnrin méjìlá náà kò ní láti ka ìwé fún ara wọn mọ́. Kálukú á tẹ òǹtẹ̀ ìwé tirẹ̀, wọ́n á fi àmì 64 wéra. Bí ó bá yàtọ̀, ẹnì kan ní nǹkan tí kò bá ti àwọn yòókù mu.

Ó yẹ kí àwa tí à ń kọ Yorùbá ṣọ́ra fún ohun kan níbí, torí kò sí nínú àwọn ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà ọ́ ju ẹyọ kan lọ. Ó lè jẹ́ ọ tó ti ní àmì abẹ́ tẹ́lẹ̀ tí a wá fi àmì òkè lé. Ó sì lè jẹ́ o lásán tí a to àmì méjèèjì mọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú wa, ohun kan náà ni. Fún òǹtẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èèyàn méjì lè tẹ "ọjọ́" lórí fóònù méjì kí òǹtẹ̀ wọn má bára mu, kí wọ́n sì máa pe ara wọn ní òpùrọ́. Nítorí náà, àdéhùn tí a bá kọ ní Yorùbá, fáìlì rẹ̀ gan-an ni kí ẹ tẹ òǹtẹ̀ fún, kí ẹ sì fi fáìlì yẹn ránṣẹ́ bó ṣe wà. Ẹ má tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tẹ̀. Ẹ má sì fi ránṣẹ́ bí àwòrán lórí WhatsApp, torí WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀ kó lè fúyẹ́, òǹtẹ̀ rẹ̀ á sì yí padà.

Ojú ewé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yìí la ń pè ní búlọ́ọ̀kù. Bí ojú ewé kan bá kún, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì kọ òǹtẹ̀ náà sí òkè ojú ewé tó tẹ̀lé e. Ojú ewé 3 gbé òǹtẹ̀ ojú ewé 2 dání, ojú ewé 4 gbé ti 3. Ẹni tó bá lọ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú ojú ewé 2, òǹtẹ̀ rẹ̀ á yí padà, kò ní bá èyí tó wà lókè 3 mu mọ́. Bó bá tún 3 ṣe, 4 á tú u fó. Bíríkìlà mọ̀ ọ́n: búlọ́ọ̀kù tó wà nísàlẹ̀ ògiri kò ṣe é yọ kí ti òkè má mì. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, búlọ́ọ̀kù tí a so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n.

Ìmọ̀ yìí ti wà kí owó tó dé ibẹ̀. Ní ọdún 1991, Stuart Haber àti Scott Stornetta ṣàlàyé bí a ṣe lè fi òǹtẹ̀ tó so kọ́ra fi hàn pé ìwé kan ti wà ní ọjọ́ báyìí, pé wọn kò sì tíì yí i padà. Láti ọdún 1995, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òǹtẹ̀ àwọn ìwé tí wọ́n ń tọ́jú jáde nínú ìwé ìròyìn New York Times lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí nìdí tó fi jẹ́ ìwé ìròyìn? Ìlú tiwa yìí lè dáhùn. Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní ọdún 1859. Ohun tí a bá ti tẹ̀ tó sì ti wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, kò sí ẹni tó lè lọ láti ojúlé dé ojúlé lóru láti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò mọra wọn ló ń dáàbò bo ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kejì: ta ló máa kọ ojú ewé tó kàn? Láàárín obìnrin méjìlá tó mọra wọn, kí wọ́n dìbò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dídìbò kò ṣiṣẹ́, ẹnì kan lè fi kọ̀ǹpútà kan ṣe bí ẹni pé òun jẹ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ohun tí Satoshi ṣe ni pé ó fi iṣẹ́ sí ìdí kíkọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ojú ewé gbọ́dọ̀ wá nọ́ńbà kan tí yóò fi kún un, tí òǹtẹ̀ ojú ewé náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo púpọ̀. Kò sí ọgbọ́n tó lè fi rí i ju kó máa dán nọ́ńbà wò lọ. Láti rí òdo mẹ́rin níwájú, ó máa gbà á tó ìgbìyànjú 65,536 bí a bá fi ojú òṣùwọ̀n wò ó. Òdo kan sí i, ẹ fi 16 sọ ọ́ di púpọ̀. Òǹtẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́ Bitcoin ní òdo 10 níwájú. Lónìí, ó ti lé ní 15. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló kọ ojú ewé, àwọn yòókù á yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n á sì bọ́ sí èyí tó kàn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí là ń pè ní awakùsà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, èrè wọn lórí ojú ewé kan jẹ́ bitcoin 3.125 pẹ̀lú owó iṣẹ́ tí àwọn olùfiránṣẹ́ san. Bitcoin 50 ló jẹ́ ní ọdún 2009, ó sì ń dín sí ìdajì lẹ́yìn ojú ewé 210,000, títí gbogbo rẹ̀ kò fi ní lé ní mílíọ̀nù 21. Ẹ kò ní láti ra odindi kan: bitcoin kan pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù 100, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ satoshi.

Bí ìṣẹ́jú 10 ni ojú ewé kan ń gbà. Lẹ́yìn ojú ewé 2,016, ètò náà á wo bó ṣe yá sí, á sì mú iṣẹ́ le sí i tàbí kó dẹ̀ ẹ́. Nígbà míràn awakùsà méjì á rí i lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé á sì pẹ́ka. Ẹ̀ka tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù lórí rẹ̀ ni gbogbo wọn á tẹ̀lé, ohun tó wà ní ẹ̀ka kejì á padà sẹ́yìn. Nítorí èyí ni ẹni tó ń ta ọjà olówó ńlá kì í fi ojú ewé kan ṣoṣo gbà pé owó ti wọlé. Mẹ́fà ni àṣà, èyí tó jẹ́ bíi wákàtí kan.

Ẹni tó bá lágbára ju ìdajì gbogbo awakùsà lọ lè kọ ẹ̀ka tirẹ̀ kó sì ná owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ohun tí a kàn ń rò. Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn owó orí ayélujára méjì mìíràn tó ní ìwé tiwọn: Bitcoin Gold ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, àti Ethereum Classic ní oṣù kìíní ọdún 2019. Awakùsà wọn kéré, agbára ìdajì sì rọrùn láti kó jọ. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ pé orúkọ "blockchain" nìkan kò dáàbò bo nǹkan kan. Iye àwọn tó ń tọ́jú ìwé, àti bí wọn kò ṣe sí lábẹ́ ọ̀gá kan, ni ààbò náà.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò jẹ iná mànàmáná tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni Ethereum, blockchain mìíràn tí owó rẹ̀ ń jẹ́ ether, ti fi ìdógò rọ́pò iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa kọ ojú ewé á fi ether 32 ó kéré tán sílẹ̀. Bó bá kọ ohun méjì tó tako ara wọn, wọ́n á gé nínú ìdógò rẹ̀. Iná tí ètò náà ń jẹ dín ní ohun tó lé ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìbéèrè kẹta ló kan kálukú yín jù, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò lójoojúmọ́. Báwo ni ìwé ṣe mọ̀ pé olówó ló sọ̀rọ̀? Kò mọ orúkọ yín, kò mọ ojú yín. Kọ́kọ́rọ́ ló mọ̀. Ẹ rò ó bíi kólò onígi: ihò orí rẹ̀ wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè ju owó sí i, àmọ́ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè ṣí i. Ihò yẹn ni àdírẹ́sì yín. Kọ́kọ́rọ́ jẹ́ nọ́ńbà gbọọrọ kan tí wọ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ètò tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ nínú fóònù yín, fi ń buwọ́ lù gbogbo ohun tí ẹ bá ní kí ó ṣe. Owó kò sí nínú fóònù. Inú ìwé tí gbogbo ayé ń tọ́jú ló wà. Kọ́kọ́rọ́ ló wà lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó jí fóònù yín kò tíì jí owó, bí kò bá lè ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Ẹni tó jí kọ́kọ́rọ́ ti jí i, ì báà wà ní ìlú òyìnbó.

Torí pé nọ́ńbà náà kò ṣe é há sórí, wọ́lẹ́ẹ̀tì máa ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tó mú láti inú àkójọ ọ̀rọ̀ 2,048. Àkójọ náà wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Kò sí ti Yorùbá níbẹ̀, ó sì dùn mí, torí iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa lè ṣe ni. Bí ẹ ṣe máa tọ́jú ọ̀rọ̀ náà rèé. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà pẹ̀lú nọ́ńbà 1 sí 12, torí bí wọn kò bá tò bó ṣe yẹ, wọn kò ní ṣí ohun tiyín. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ ti tó láti dá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀, nítorí náà ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà. Ẹ̀dà méjì, ibi méjì tó jìnnà síra wọn, kí òrùlé tó ń jò tàbí iná má bàa kó méjèèjì lọ. Ẹ má yà á ní fọ́tò, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sínú ímeèlì. Kò sí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kankan tó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ 12 síbì kan "kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò" ti kó ọwọ́ sínú kólò yín. Ẹ sì sọ fún ẹnì kan tó ṣe é fọkàn tán nílé, ibi tó wà, kó má bàa jẹ́ pé bí ọlọ́jọ́ bá dé, ogún á bá a lọ. Kò sí kóòtù tó lè pàṣẹ fún ìwé náà láti ṣí.

Fífi owó ránṣẹ́ ló tún kù. Ẹ kọ́kọ́ béèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn blockchain tí owó náà máa gbà, kí ẹ tó béèrè àdírẹ́sì. Dọ́là orí ayélujára tí a ń pè ní USDT wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì púpọ̀. Àdírẹ́sì ti Tron bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T, àmì 34 ni. Ti Ethereum bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x, àmì 42 ni gbogbo rẹ̀. Ti Bitcoin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 3 tàbí bc1. Ibi tó léwu jù ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn tó ń jẹ́ BNB Smart Chain náà ń lo 0x, ojú sì lè tan yín. Bí ẹ bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, tó sì jẹ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì tí ẹ fúnra yín ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ fi ránṣẹ́ sí, owó náà ṣì wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ kàn máa ṣí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì ni. Bó bá jẹ́ àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ pàṣípààrọ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ra irú owó yìí tí wọ́n sì ń tà á, àwọn nìkan ló lè mú un jáde, kò sì pọn dandan fún wọn láti ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà àdírẹ́sì, ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ yẹ iwájú, àárín àti ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Mo ní àárín torí oníjìbìtì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdírẹ́sì tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ti ẹni tí ẹ máa ń sanwó fún, wọ́n á fi kọ́bọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ sí yín láti ibẹ̀, kí ẹ lè ṣèèṣì mú un nínú àkọsílẹ̀ àná. Ẹ wò ó bóyá owó iṣẹ́ wà: lórí Ethereum, ether ni wọ́n ń gbà, lórí Tron, owó tirẹ̀ tó ń jẹ́ TRX ni. Ẹni tó ní USDT 200 tí kò ní TRX lè jókòó ti owó rẹ̀ láìlè gbé e. Ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò ó, kí ó dé, kí olówó rí i, kí ẹ tó fi ìyókù tẹ̀lé e. Ohun tó bá ti lọ, ẹyin ni, kò ṣe é kó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà, ẹ má gbé ẹrù sílẹ̀ nítorí àwòrán rìsíìtì tí oníbàárà fi hàn yín, gẹ́gẹ́ bí ẹ kò ṣe ní gbà á lọ́dọ̀ ẹni tó ní òun ti san owó sí báńkì. Ẹ gba nọ́ńbà ìfiránṣẹ́ náà, kí ẹ lọ wò ó fúnra yín nínú ìwé gbangba, bíi Etherscan fún Ethereum. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹni tó bá fi owó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ ti padà sọ́dọ̀ ìyá kan ṣoṣo tó ń kọ ìwé. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Mt. Gox tó wó ní oṣù kejì ọdún 2014, àti FTX tó wó ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ìwé Bitcoin kò ṣe nǹkan kan ní ọjọ́ méjèèjì. Àwọn tó di kọ́kọ́rọ́ oníkọ́kọ́rọ́ mú ni wọ́n bàjẹ́.

Ethereum, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2015, fi nǹkan kan kún un: ẹ lè kọ àdéhùn sínú ìwé náà, kí àdéhùn náà sì máa ṣe ara rẹ̀. "Bí èèyàn 12 bá ti dá iye yìí, fún ẹni tó kàn." Kò ní gbàgbé, kò ní ṣe ojúsàájú. Àmọ́ kò ní ṣàánú pẹ̀lú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ẹnì kan rí àlàfo nínú àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní The DAO, ó sì fi kó bíi mílíọ̀nù 3.6 ether. Àdéhùn náà ṣe ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, kò ṣe ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú ìwé Ethereum fohùn ṣọ̀kan láti tún ìwé kọ ní oṣù keje, àwọn tó kọ̀ dúró sórí ti tẹ́lẹ̀, òun ni Ethereum Classic tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà ẹni tó ní ìwé yìí kò ṣe é yí padà láéláé ń sọ àsọdùn. Ó ṣe é yí padà bí àwọn tó pọ̀ jù bá gbà. Kò kàn ṣe é yí ní ìkọ̀kọ̀ ni.

Ẹ wá jẹ́ kí á padà sórí ilẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé kí á kó gbogbo ilẹ̀ Ògùn sórí blockchain, ẹjọ́ á tán. Mi ò gbà. Ìwé náà mọ̀ bóyá wọ́n ti kọ pulọ́ọ̀tì 7 sórúkọ ẹnì kan rí, yóò sì kọ̀ láti kọ ọ́ sórúkọ ẹlòmíràn láìsí kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ bóyá ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ni olórí ẹbí tàbí ọmọ onílẹ̀ kan tó jí ìwé gbé. Irọ́ tí a bá kọ sínú rẹ̀ máa le bí òótọ́ ṣe le. Àdìrẹ náà bẹ́ẹ̀: ẹ lè fi àmì mọ́ aṣọ tí a fi ọwọ́ rẹ nínú aró, kí àmì náà tọ́ka sí ojú ewé kan. Ẹnì kan á tú àmì náà, á so ó mọ́ aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, ìwé kò sì ní mọ̀. Ibi tí ìwé ti pàdé ayé, èèyàn olóòótọ́ la ṣì nílò níbẹ̀.

Bí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ ìwé pọ̀ bá fọkàn tán ẹnì kan, ìwé kan ti tó. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa máa kọ ọ́, kò sí ìdí fún blockchain. Owó eNaira tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2021 ń lo irú ètò yìí, àmọ́ Báńkì Àpapọ̀ ló ń pinnu ẹni tó lè kọ ọ́. Ìyẹn kò burú, ó kàn yàtọ̀ sí Bitcoin.

Ní ti òfin, Báńkì Àpapọ̀ kọ́kọ́ ní kí àwọn báńkì yẹra fún Bitcoin àti irú owó bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021, ó sì yí àṣẹ náà padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Òfin ìdókòwò ọdún 2025 ti fi irú owó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ SEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìdókòwò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ SEC bóyá ilé iṣẹ́ kan ti forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó kó owó fún un. Pẹpẹ ìdókòwò CBEX tí àwọn èèyàn kò rí owó wọn gbà mọ́ nínú rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 kò forúkọ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí èrè tó dájú lójoojúmọ́, tàbí tó ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí ẹ tó lè gba owó yín, ẹ béèrè ibi tí èrè náà ti ń wá. Ìwé kì í bí owó. Ibi tí a ti ń kọ ọ́ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án láìná kọ́bọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdánrawò kan wà fún Ethereum tó ń jẹ́ Sepolia. Ether inú rẹ̀ kò ní iye kankan lọ́jà. Ẹ gba wọ́lẹ́ẹ̀tì sórí fóònù láti ibi tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an, ẹ má gba lọ́wọ́ ẹni tó fi líǹkì ránṣẹ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ 12 sílẹ̀. Ẹ béèrè ether ìdánrawò díẹ̀, ẹ fi 0.01 ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tẹ́ ẹ jọ jókòó síbí, ẹ sì lọ wo ojú ewé tó bọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ pa wọ́lẹ́ẹ̀tì náà rẹ́ pátápátá kúrò lórí fóònù, kí ẹ gbà á padà, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ kọ sórí bébà ṣí i. Bí iye tó kù bá hàn, bébà yín péye. Bí kò bá hàn, ẹ ti ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ lónìí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.